Iṣẹ́ Tí Ó Kù Lẹ́yìn Ìpàdánù

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi tí ń ka ìwé yìí, ìtàn àwọn tí ó borí kò wọ́n ọ. Láti ìgbà tí o ti ń kọ́ ábídí ni a ti ń kà á sí ọ létí: jagunjagun tí ó ṣẹ́gun, ọmọ tí ó gba ipò kìíní, àgbẹ̀ tí iṣu rẹ̀ ta ju ti gbogbo ará abúlé lọ. Ìtàn wọ̀nyí dára, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà nítorí wọn. Ṣùgbọ́n bí o bá ka iye ènìyàn tí ó wà nínú kíláàsì rẹ, o óò rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó lè gba ipò kìíní, àwọn yòókù sì ní láti tún padà wá sí ilé-ìwé ní ọjọ́ Ajé. Ta ni yóò sọ ìtàn fún wọn? Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ ni ti ẹgbẹ́ eléré ìdárayá kan ní ìlú Detroit, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí ó pàdánù ní ìgbà 119 láàárín ọdún kan ṣoṣo, àti ohun tí àwọn ọkùnrin inú rẹ̀ ṣe nígbà tí ó ku eré mẹ́fà péré kí sáà wọn parí.

Bésíbọ́ọ̀lù ni eré tí wọ́n ń ṣe. Kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa, nítorí náà jẹ́ kí n là á yé ọ díẹ̀. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan yóò dúró lórí òkìtì kékeré kan láàárín pápá, yóò máa ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tí ó le koránkorán. Alátakò rẹ̀ yóò dúró níwájú pẹ̀lú igi gbọọrọ lọ́wọ́, yóò sì gbìyànjú láti gbá bọ́ọ̀lù náà lọ jìnnà. Bí ó bá gbá a dáadáa, yóò sáré yí ibùdó mẹ́rin ká; bí ó bá sì padà dé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé a dá a dúró, ìhà tirẹ̀ jẹ ayò kan nìyẹn. Ìgbà mẹ́sàn-án ni ìhà kọ̀ọ̀kan yóò gba igi, ẹni tí ayò rẹ̀ bá sì pọ̀ jù ni ó borí. Wọn kì í ta ọ̀mì. Bí ó bá di òru, wọn yóò máa ṣe é lọ títí ọwọ́ ẹnì kan yóò fi lékè.

Eré náà dà bí ọjà ojoojúmọ́ ju bí ọdún ìbílẹ̀ lọ. Ìgbà 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń wọ pápá láti ìparí oṣù Kẹta títí di ìparí oṣù Kẹsàn-án, àwọn tí ó dára jù lọ pàápàá a sì máa pàdánù ní nǹkan bí ọgọ́ta ìgbà. Nítorí náà kò sí ẹni tí ojú ń tì nítorí pé ó pàdánù lónìí. Ṣùgbọ́n ìwà ìkà kan wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ tí n kò rí nínú eré mìíràn. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá pàdánù, a kì í kọ ọ́ sí gbogbo wọn lọ́rùn bákan náà kí á sì gbàgbé. A óò mú orúkọ ajubọ́ọ̀lù kan, a óò sì kọ ìpàdánù náà sí iwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, níbi tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò ti lè kà á.

Orúkọ ẹgbẹ́ tí mo ń wí ni Detroit Tigers, èyíinì ni Àwọn Ẹkùn Detroit. Kì í ṣe ẹgbẹ́ àná, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ tí kò mọ adùn ìṣẹ́gun. Ní ọdún 1984, nínú eré 40 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, 35 ni wọ́n borí. Kí ọdún náà sì tó parí, wọ́n ti di ọ̀gá lórí gbogbo ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú àwọn akọni wọn nígbà náà ni Alan Trammell, ẹni tí a fi oyè ẹni tí ó ta yọ jù lọ dá lọ́lá nínú ìdíje àṣekágbá. Nígbà tí ó di ọdún 2003, wọ́n pe Trammell yìí kan náà wá gẹ́gẹ́ bí olùdarí. Kirk Gibson àti Lance Parrish, tí wọ́n jọ ja ìjà 1984, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ẹni tí ó bá wo irú àgbà tí ó jókòó sídìí ẹgbẹ́ náà yóò ní àwọn ọmọ náà kò lè ṣìnà.

Àṣé òkìkí àgbà kì í bá ọmọ gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n pàdánù eré mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ léraléra. Lẹ́yìn eré 18, ẹyọ kan ni wọ́n borí; lẹ́yìn eré 28, mẹ́ta péré. Fi èyí wé 35 nínú 40, kí o sì rántí pé ọkùnrin kan náà ni ojú rẹ̀ rí méjèèjì.

Bí o bá bi mí léèrè ohun tí ó fà á, n kò ní í sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Láti ọdún 1993 ni ẹgbẹ́ náà kò ti ní ọdún kan tí ìborí rẹ̀ pọ̀ ju ìpàdánù rẹ̀ lọ. Ní 2002 wọ́n pàdánù ní ìgbà 106, wọ́n sì fi Jeff Weaver, ajubọ́ọ̀lù wọn tí ó mọ iṣẹ́, ṣe pàṣípààrọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí a ní ìrètí pé wọn yóò dára lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tí ó bá fi àgbàdo tí ó ti gbó gba irúgbìn, kí ó mọ̀ pé ebi yóò pa òun títí irúgbìn náà yóò fi so. Ọ̀kan nínú irúgbìn wọ̀nyí ni Jeremy Bonderman, ọmọ ogún ọdún, tí a mú láti àárín àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, tí a sì gbé kalẹ̀ níwájú àwọn ògbójú tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù kí òun tó mọ̀wé kà. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Dmitri Young, tí ó wà láàárín wọn, gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri pápá ní ìgbà 29 lọ́dún náà, a sì yàn án sínú àwọn àṣàyàn eléré tí í pàdé láàárín ọdún. Mo dárúkọ rẹ̀ kí o lè mọ̀ pé ènìyàn lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ní àṣeyanjú nínú ilé tí ó ń wó, kí ilé náà sì wó síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn mi kì í kúrò lára rẹ̀ nínú ìtàn yìí ni Mike Maroth. Ajubọ́ọ̀lù ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọwọ́ òsì ni ó sì fi ń jù ú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ìpàdánù mẹ́sàn-án ni a kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀ kí a tó kọ ìborí kan ṣoṣo. Nínú bésíbọ́ọ̀lù, iye kan wà tí gbogbo ajubọ́ọ̀lù ń sá fún bí ẹni ń sá fún àrùn, iye náà sì ni 20. Láti ọdún 1980, nígbà tí Brian Kingman ti pàdánù ní ìgbà 20, kò tún sí ẹni tí ó dé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún. Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó súnmọ́ ọn. Nígbà mìíràn, bí ẹnì kan bá ti pàdánù ní ìgbà 18 tàbí 19, olùdarí rẹ̀ a rọra mú un jókòó kí ojú má baà tì í. Maroth kò jókòó. Nígbàkígbà tí ó bá kàn án, a gba bọ́ọ̀lù, a sì gun òkìtì náà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án, ní ìlú Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, ó pàdánù fún ìgbà ogún. Gbogbo ìwé ìròyìn ni ó gbé e. Nígbà tí ó tún kàn án, ó tún gun òkìtì. Ìborí 9, ìpàdánù 21 ni a kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀ ní ìparí ọdún, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa iye 20 yìí tí àwọn ẹlẹ́gàn kì í rántí sọ. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kì í ráyè pàdánù ní ìgbà 20. Wọn á ti ní kí ó máa lọ sí ilé rẹ̀ kí ó tó dé ìkẹwàá. Kí a tó lè fi bọ́ọ̀lù lé ènìyàn lọ́wọ́ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà bẹ́ẹ̀ nínú ọdún kan, ó ní láti jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le, tí í dé àsìkò, tí kì í ṣàìsàn ẹ̀tàn, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbẹ́kẹ̀lé. Ìtìjú náà, bí ó bá jẹ́ ìtìjú, ẹni tí ó ṣe é fọkàn tán nìkan ni ó lè ní in.

Ǹjẹ́ o óò bi mí ní ti Bonderman, ọmọ ogún ọdún yẹn. Òun pẹ̀lú ti pàdánù ní ìgbà 19. Trammell àti àwọn olùkọ́ yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tí ó ń bẹ̀rẹ̀ eré, kò sì dé 20. Àwọn kan bínú nígbà náà, wọ́n ní ojúsàájú ni, wọ́n ní bí a bá jẹ́ kí Maroth jẹ ẹ̀gbin ó yẹ kí ọmọdé náà jẹ tirẹ̀. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Maroth ti dàgbà tó láti mọ ohun tí ó ń gbé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e. Ọmọ ogún ọdún tí a fi àgbà gbé sí ipò àgbà, kò yẹ kí a tún fi ẹrù àgbà fọ́ ọ lọ́rùn nítorí pé a fẹ́ kí gbogbo nǹkan dọ́gba. Ìwọ lè má gbà pẹ̀lú mi. Bí o bá ní àbúrò, lọ rò ó wò kí o tó dáhùn.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, Detroit ni mo ń gbé. Ilé búrẹ́dì kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwa méje sì ni. Nínú oṣù Kẹjọ, ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ náà pè wá jọ, ó ní òun ti ta ilé náà, pé ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ni a óò kógbá wọlé. Kò purọ́ fún wa, ó sì san owó wa pé. N kò ní ẹ̀sùn kankan sí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti rí ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ tí a ti mọ ọjọ́ ikú rẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé. Ìyẹ̀fun dà sílẹ̀, kò sí ẹni tí ó gbá a. Àwọn kan kò tún wọn ìyẹ̀fun pípò mọ́, ojú ni wọ́n fi ń gé e, nítorí náà búrẹ́dì kan a tóbi, èkejì a rí tíńtín, owó kan náà ni a sì ń tà wọ́n.

Ẹni tí ó ń bójú tó ààrò wa jẹ́ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọmọ àádọ́rin ọdún. Gbogbo àwọn yòókù ń pe orúkọ rẹ̀ gbàgà, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á láti máa pe ẹni tí ó tó bí mi lórúkọ, nítorí náà "Bàbá" ni mo ń pè é. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ. Bàbá yìí kò yí ìwà rẹ̀ padà. Orí òṣùwọ̀n ni ó ń gbé gbogbo ìyẹ̀fun pípò lé bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá abẹ́ ààrò tí ẹnikẹ́ni kò lè rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín wa bi í pé ta ni ó ń gbá a sílẹ̀ fún, nígbà tí àwọn tí ó ra ilé yóò wó o. Bàbá dìde, ó gbọn eékún rẹ̀, ó ní, "Ẹni tí yóò ra búrẹ́dì yìí lónìí kò mọ̀ pé à ń kógbá wọlé."

N kò tíì gbọ́ ìdáhùn tí ó mú ọgbọ́n dání jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò wàásù fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Kò sì sọ pé èrè kan ń bọ̀, nítorí èrè kankan kò bọ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin tí ó máa wọlé ní agogo méje láti ra búrẹ́dì fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó sọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni obìnrin náà ń bá wa ṣe: òní.

Bàbá fẹ́ràn àwọn Tigers. Rédíò kékeré kan wà lórí pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ ààrò tí kò fi eré kan tàsé rẹ̀ ní gbogbo ọdún ìpọ́njú náà, àwọn ọmọdé ibẹ̀ a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan bi í pé èrè wo ni ó wà nínú kí a máa tẹ́tí sí àwọn tí ó ń pàdánù. Ó ní nígbà tí wọ́n ń borí ní 1984, òun gbọ́ wọn. Ṣé nígbà tí ó burú fún wọn ni òun yóò di etí?

Báyìí ni a ṣe wọ ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn. Ó ku eré mẹ́fà, ìpàdánù sì ti di 118. Ìwé àkọsílẹ̀ sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1901 wá, ẹgbẹ́ tí ó pàdánù jù lọ ní sáà kan ni New York Mets ti ọdún 1962, tí ó pàdánù ní ìgbà 120. Mets ní àwíjàre: ọdún yẹn gan-an ni a dá wọn sílẹ̀. Tigers kò ní irú àwíjàre bẹ́ẹ̀. Ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ. Bí wọ́n bá pàdánù méjì nínú mẹ́fà tí ó kù, wọ́n bá Mets dọ́gba. Bí ó bá di mẹ́ta, orúkọ wọn ni yóò wà lókè ìwé ìtìjú náà. Kí wọ́n tó lè bọ́ pátápátá, ẹgbẹ́ tí ó borí ní ìgbà 38 péré nínú 156 ní láti borí ní ìgbà márùn-ún nínú mẹ́fà. Àwọn oníròyìn ti ń kọ ìròyìn ìsìnkú wọn sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, ó ku eré méjì, wọn kò sì gbọdọ̀ pàdánù ọ̀kankan nínú méjèèjì. Minnesota Twins ni wọ́n ń bá ṣe é. Rédíò Bàbá ń sọ̀rọ̀, a ń gbọ́: Minnesota jẹ ọ̀kan, ó tún jẹ, ó tún jẹ, títí ó fi di ayò mẹ́jọ sí òdo. Ẹnì kan na ọwọ́ láti pa rédíò náà. Bàbá kò sọ nǹkan kan, ó kàn wo ọwọ́ náà, ọwọ́ náà sì padà sí ibi tí ó ti wá. Lẹ́yìn náà ni Tigers bẹ̀rẹ̀ sí í gba ayò padà. Mo ti gbọ́ ìtàn nípa ẹgbẹ́ tí ó gbapada bẹ́ẹ̀ nígbà tí nǹkan ń dán fún wọn; ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ti pàdánù ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ, ojú gbogbo ayé ni ó sì ń wo àṣìṣe wọn. Ó di mẹ́jọ sí mẹ́jọ.

Ẹni tí Minnesota gbé wá láti ju bọ́ọ̀lù ní ìparí ni Jesse Orosco, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ẹni tí ó ti jubọ́ọ̀lù nínú eré 1,252, iye tí ẹnikẹ́ni kò ní rí nínú ìtàn eré náà. Bọ́ọ̀lù tí ó jù fò kọjá ọwọ́ ẹni tí ó yẹ kí ó hán an, ọkùnrin Detroit kan tí ó ti wà ní ibùdó kẹta sì sáré wọlé. Mẹ́sàn-án sí mẹ́jọ. Ariwo tí ó ti inú rédíò náà jáde pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀dí yóò fi rò pé ìlú Detroit ti gba ife-ẹ̀yẹ. Bọ́ọ̀lù tí ó fò kọjá yẹn ni Orosco jù kẹ́yìn nínú gbogbo ọdún mẹ́rìnlélógún tí ó fi ṣiṣẹ́ náà. Bí inú mi ti dùn tó lọ́jọ́ náà, mo máa ń ronú kàn án nísinsin yìí: ayọ̀ àwọn kan ni ìkẹyìn iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, Detroit borí pẹ̀lú ayò mẹ́sàn-án sí mẹ́rin. Ó pé márùn-ún nínú mẹ́fà. Ìborí 43, ìpàdánù 119. Ìpàdánù kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára Mets.

Jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún ọ, nítorí ìwé ilé-ìwé a máa fẹ́ràn láti fi oyin pa ẹnu ọ̀rọ̀. Minnesota ti gba ipò kìíní ní ẹ̀ka wọn ṣáájú ọjọ́ náà. Kò sí ohun tí eré wọ̀nyí lè fi kún un fún wọn, kò sì sí ohun tí ó lè yọ. Ìborí ọ̀sẹ̀ náà kò sì gbé Detroit kúrò ní ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n ṣì jẹ́ ẹgbẹ́ tí ó burú jù lọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún náà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwa pẹ̀lú ti ilẹ̀kùn ilé búrẹ́dì wa, Bàbá nu ààrò, ó fi ọwọ́ kàn án bí ẹni ń kí ẹran ọ̀sìn, ó gbé rédíò rẹ̀ sí abẹ́ apá, ó sì bọ́ sí ìta.

Bí o bá ka àwọn ìwé, o óò rí i pé ní ọdún 2006, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn èyí, Tigers borí ní ìgbà 95, wọ́n ṣẹ́gun ẹgbẹ́ New York Yankees, wọ́n sì dé ìdíje àṣekágbá, níbi tí St. Louis Cardinals ti borí wọn. Bonderman, ọmọ tí a fi pamọ́ kúrò lọ́wọ́ ìpàdánù ogún, ni ó ju bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ tí wọ́n lé Yankees kúrò. Maroth fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ bá Yankees wọ ìjà kan ní oṣù Keje ọdún 2004, ní odindi eré kan, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí gbá dáadáa nínú gbogbo bọ́ọ̀lù tí ó jù. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé eré mẹ́fà ti ọdún 2003 ni ó bí ọdún 2006. Owó wà nínú rẹ̀: wọ́n gba Iván Rodríguez ní 2004, Magglio Ordóñez ní 2005, Kenny Rogers fún sáà 2006. Òfin eré náà sì wà nínú rẹ̀, èyí tí ó fi àyè fún ẹgbẹ́ tí ó bá wà nísàlẹ̀ láti tètè yan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ń bọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe rí Justin Verlander mú ní 2004. Trammell ńkọ́? Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò ní ìparí ọdún 2005. Jim Leyland ni ó darí wọn lọ sí ìdíje náà. Wọ́n fi Trammell sínú ilé ọlá bésíbọ́ọ̀lù ní ọdún 2018, fún iṣẹ́ tí ó ṣe nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣeré, kì í ṣe nítorí ọdún yìí.

Nítorí náà, bí o bá ń wá èrè tí àwọn ọkùnrin yẹn gbà fún ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn wọn, ó kéré. Ẹni tí ó san owó wọlé ní ọjọ́ Sátidé náà rí eré tí ó tọ́ sí owó rẹ̀. Arúgbó kan gbọ́ ọ nínú rédíò. Èyí ni mo lè tọ́ka sí.

Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá bìkítà wà nínú ìwé pẹ̀lú. Ní 1899, àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ Cleveland Spiders tún ni ẹgbẹ́ mìíràn ní St. Louis, wọ́n kó àwọn eléré tí ó dára kúrò ní Cleveland lọ sí ibẹ̀. Àwọn tí ó ṣẹ́kù borí ní ìgbà 20, wọ́n pàdánù ní ìgbà 134. Ará ìlú kò wá wò wọ́n mọ́, ó di pé ìlú onílùú ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú eré wọn, kí ọdún kejì sì tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ náà ti tú ká. N kò dá àwọn eléré náà lẹ́bi. Ẹni tí ó ni oko ni ó kọ́kọ́ fi í sílẹ̀.

Àkọsílẹ̀ Mets dúró títí di ọdún 2024. Ní ọdún náà, ẹgbẹ́ Chicago White Sox pàdánù eré 21 léraléra nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n yọ olùdarí wọn ní oṣù Kẹjọ, wọ́n sì wọ ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn pẹ̀lú ìpàdánù 120. Gbogbo ènìyàn ń dúró de ìkan tí ó kù. Ṣùgbọ́n wọ́n borí ẹgbẹ́ Los Angeles Angels ní ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra ní ilé wọn, bí ẹni pé wọn kò gbọ́ ohun tí à ń sọ nípa wọn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú tí wọn yóò ti parí ọdún. Detroit ni ìlú náà. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, ọdún mọ́kànlélógún gééré sí ọjọ́ ayò mẹ́jọ sí òdo, Tigers borí wọn pẹ̀lú mẹ́rin sí ọ̀kan. Nípa ìborí yẹn ni Detroit fi wọ ìdíje àwọn àgbà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 2014. Nípa rẹ̀ náà ni Chicago fi di ẹgbẹ́ tí ó pàdánù jù lọ láti 1901 wá. Ìhà kan ń fò sókè lórí pápá, ìhà kejì ń kó igi wọn jọ. Ìtìjú náà ti pé, kò sí ohun tí ó kù láti sá fún, kò sì sí ohun tí ó kù láti gbà. Ó ku eré méjì.

Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn ọkùnrin Chicago wọ aṣọ wọn, wọ́n jáde sí pápá, wọ́n sì borí. Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n tún borí.